Mo Lọ Ra Ewúrẹ́ Olóyún Lókè Ọya

Ọjọ́ kìíní, Ìṣẹ́gun: Ògbómọ̀ṣọ́

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé gáréèjì. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí ọkọ̀ Kánò tó kún. Báàgì kan ni mo gbé, pẹ̀lú kúlà kékeré, okùn ọ̀rá, páálí ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan, ìgò aodíìnì kan, àti owó tí mo pín sí ibi mẹ́ta lára. Ibi tí mo kó o sí kò kan ẹnikẹ́ni.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe wàrà tà. Lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tó wà ní gáà ẹ̀yìn ìlú ni mo ti ń ra mílíìkì. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, tí àwọn darandaran bá kó màlúù wọn lọ síbi tí koríko gbé wà, mílíìkì á wọ́n bí ojú, èmi náà á sì káwọ́ gbera. Mo ní ewúrẹ́ mẹ́fà nílé, irú tiwa yìí, kúkúrú, oníkùn ńlá. Ó ń bí ìbejì, ó ń bí ìbẹ́ta, ṣùgbọ́n mílíìkì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ọmọ rẹ̀ máa mu. Ewúrẹ́ pupa òkè Ọya yàtọ̀. Ewúrẹ́ Sókótó là ń pè é, àwọn ará Niger ń pè é ní ti Maradi. Tí ó bá jẹun yó, ó lè fún èèyàn ní ìdajì lítà sí bíi lítà kan lójúmọ́.

Olóyún ni mo sì fẹ́. Ewúrẹ́ tí kò bímọ kò ní mílíìkì, òbúkọ pupa kò sí nítòsí wa tí ó máa gùn ún. Tí mo bá ra olóyún, mo ti ra ìyá, mo ti ra ọmọ, mo ti ra mílíìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní kí n má ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ní, “Màámi, mi ò kà á, mo kàn ń ṣírò ni.”

Oṣù Kọkànlá ni mo mú. Òjò ti dá, ọyẹ́ kò tíì mú tán, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ẹ̀pà tán lókè Ọya, ewé ẹ̀pà gbígbẹ ò ní wọ́n.

A sùn sí Kàdúná. Dìrẹ́bà ní òun kò ní fi òru gba ọ̀nà yẹn, mo sì ṣàdúrà fún un.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú: Kánò

Bùọ̀dá mi wá pàdé mi ní gáréèjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Sábó, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò, ni wọ́n bí i sí. Ọdún 1911 ni réluwéè dé Kánò, láti ìgbà náà sì ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń tẹ̀lé irin lọ síbẹ̀ lọ ṣòwò. Hausa Bùọ̀dá dán ju Yorùbá wọn lọ. Ìgbà tí inú bá ń bí wọn ni Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń jáde lẹ́nu wọn.

“Ìyá Oníwàrà, o ti dé náà nìyẹn? O ò gbọ́ràn.”

“Bùọ̀dá, ẹ kú àtijọ́.”

Lọ́sàn-án wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan, bàbá àgbà onírùngbọ̀n funfun. Hausa ni bàbá ń sọ, Bùọ̀dá ń túmọ̀. Kí n tó sọ iye ewúrẹ́ tí mo fẹ́, bàbá ti bi mí pé oyún oṣù mélòó ni mo fẹ́. Mo ní oyún ni oyún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jókòó.

Nǹkan bí 150 ọjọ́ ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, oṣù márùn-ún. Ní oṣù àkọ́kọ́, oyún kò tíì rinlẹ̀, ìnira díẹ̀ lè mú un wálẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ ti wúwo, ìyá kì í lè jẹun púpọ̀ mọ́ torí ọmọ ti gba ààyè inú, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ọmọ ń fa oúnjẹ jù. Ẹ gbé irú èyí sọ́kọ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, ẹ ó gbé òkú délé. Bàbá ní oṣù méjì ààbọ̀ sí ìkẹrin ni kí ewúrẹ́ fi rìn.

Lẹ́yìn náà wọ́n kan kata. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ nílẹ̀ wa mọ kata: ikun á máa jáde nímú, egbò á bo ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, láàárín ọ̀sẹ̀ kan agbo á ti di ahoro. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń ṣe é. Bàbá fi ìyangàn sọ fún mi pé kòkòrò tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ kata tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti mú un lára ẹran ní 1975, orúkọ wa ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún un. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí túmọ̀ sí pé tí mo bá rà wọ́n lọ́la, mi ò gbọdọ̀ gbé wọn títí di ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà oyún tí mo máa rà kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta ààbọ̀ lọ.

Mo ti sọ fún ọkọ mi pé ọjọ́ méje ni mo máa lò. Mo pè é. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ta ló máa wá máa se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ.

Bí a ṣe ń jáde, bàbá pè mí padà. “Ẹ má wo ọmú o. Ọmú máa ń fa ojú oníbàárà. Ewúrẹ́ tí ọmú rẹ̀ bá ti wú, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti dé tán.” Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ rántí pé mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́bọ̀: Maigatari

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ọjà Maigatari ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Aago mẹ́rin ààbọ̀ òru la gbéra ní Kánò, a gba Gezawa, a gba Gumel. Lẹ́yìn Gumel, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ pẹrẹsẹ, igi ń dín, iyanrìn ń pọ̀. Ẹnubodè Niger ò jìnnà síbẹ̀ rárá, àwọn ará ọ̀hún ń kó ràkúnmí, màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ wá bí ẹni ń lọ sọ́jà ìrọ̀lẹ́.

Mi ò rí irú ọjà báyìí rí. Eruku funfun ló bo gbogbo rẹ̀, ìhó ẹran kò jẹ́ kí a gbọ́ra wa. Àwọn ewúrẹ́ náà kì í ṣe irú kan. Àwọn onírun funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà, etí wọn ń gbá wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn adíkálà wà. Àwọn pupa tèmi dúró lọ́tọ̀, pupa bí epo tó ti dì, irun wọn kúkúrú, ó ń dán. Awọ wọn ni wọ́n ń kó gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà lọ títí dé Mòrókò láyé àtijọ́, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò. Bùọ̀dá ní àwọn oníṣòwò awọ ṣì ń wá a títí di ìsinsìnyí, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kì í fi í tètè wálẹ̀.

Èèyàn kì í lọ bá ẹlẹ́ran tààrà. Dillali ló wà láàárín, alágbàtà tó mọ ẹlẹ́ran, tó mọ oníbàárà, tó máa dúró bí ẹ̀rí tí ẹnì kan bá sọ lọ́la pé ẹran olè ni. Ó ń gba làádà rẹ̀. Tiwa jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń fi ọ̀pá tọ́ka. Gbogbo ewúrẹ́ tó bá ti tọ́ka sí, “mai ciki” ni. Olóyún ni. Mo tọ́ka sí ọ̀kan tí mo rí nǹkan akọ lábẹ́ rẹ̀, kí n fi dán an wò. “Mai ci—” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ̀.

Bí mo ṣe yàn wọ́n nìyí. Eyín ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo ń ya ètè ìsàlẹ̀ sílẹ̀, mo ń ka eyín ńlá iwájú: méjì, kò tíì ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ, mẹ́rin, ó ti ń lọ bí ọdún méjì, mẹ́jọ, ìyá àgbà ni. Mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo mú, èyí tí ó ti bí rí. Lẹ́yìn náà mo ń wo ojú. Mo ń fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, kòkòrò ti mu ún tán. Mo ń wo imú, mo ń wo abẹ́ ìrù bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn ni mo wá ń kúnlẹ̀. Àpò oúnjẹ ewúrẹ́, apá òsì ló wà. Ọmọ, apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Mo ń di ìkúùkù, mo ń rọra tì í sínú ikùn lápá ọ̀tún, mo ń dá ọwọ́ dúró síbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, nǹkan kan líle sún kúrò, ó dáwọ́ dúró, ó tún padà wá kan mí lọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ti orógbó nínú ọ̀rá omi. Mo kígbe. Àwọn ọkùnrin ọjà yí padà wò mí. Dillali sọ nǹkan kan, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá kọ̀ láti túmọ̀ rẹ̀.

Títí di aago kan ọ̀sán, mo ti mú mẹ́wàá. Owó wọn bẹ̀rẹ̀ láti ₦85,000, kò kọjá ₦100,000. Mo ya àǹkárá ògbólógbòó kan tí mo mú wá, mo so ó mọ́ ìwo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà pa á dà mọ́ mi lọ́wọ́. Oòrùn ti wọ̀ mí lórí, omi kúlà ti tán. Ìkọkànlá, mo kàn fojú wò ó ni. Ikùn rẹ̀ tóbi, mo sanwó.

Ìkejìlá ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí. Obìnrin àgbàlagbà kan ló fà á wá. Pupa rẹ̀ rinlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ojú rẹ̀ bí ti ìyàwó tuntun, ọmú rẹ̀ kún, ó le, orí ọmú méjèèjì dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mo mọ ohun tí dókítà sọ. Mo bi obìnrin náà, ó ní oyún oṣù mẹ́ta ni, bó ṣe máa ń pọ̀ mílíìkì nìyẹn. Mo gbà á gbọ́ torí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. ₦130,000. Kí n tó kúrò lọ́jà ni mo ti sọ ọ́ ní Arẹwà.

Ọjọ́ kẹrin, Ẹtì: Gezawa

Ọ̀rẹ́ Bùọ̀dá kan ní ọgbà olódi kan lójú ọ̀nà Gezawa, ibẹ̀ la kó wọn sí. Dókítà wá gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ kata, ó fún wọn ní oògùn aràn tí kò lè pa oyún lára. Mo bi í léèrè léraléra nípa ìyẹn, torí kì í ṣe gbogbo oògùn aràn ni olóyún ń lò.

Nígbà tó dé orí Arẹwà, ó wo ọmú rẹ̀, ó wo ojú mi. Kò sọ nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ la rí i pé ikùn ìkọkànlá ti ń lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti pẹlẹbẹ bí ti ẹran tó ń gbààwẹ̀. Dùsà àti iyọ̀ ni wọ́n fún un jẹ lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n fi omi lé e. Dùsà ni èérí ọkà wọn. Apá òsì ni ikùn náà wú sí, ojú mi rí i, ó ti rẹ̀ mí ni. Bùọ̀dá fẹ́ pe dillali. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, mi ò gbé ìkúùkù síbẹ̀, ẹ̀bi tèmi ni.

Ọjọ́ karùn-ún dé ìkejìdínlógún

Kò sí ohun púpọ̀ láti kọ. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, láàárín Sábó àti Gezawa. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ, harawa, ni wọ́n ń jẹ, mo sì ra àpò mẹ́fà sílẹ̀ láti gbé lọ ilé. Inú ewúrẹ́ kì í fẹ́ kí oúnjẹ yí padà lójijì. Tí mo bá kàn gbé èèpo pákí àti ewé agúnmaníyè síwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé, inú wọn á wú. Lọ́jọ́ kẹwàá ọ̀kan wúkọ́, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́, mi ò sùn lóru náà. Lọ́jọ́ kejì ó jẹun. Eruku ni.

Mo kọ́ ìyàwó Bùọ̀dá bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà. Bọmubọmu, ewé tí a fi ń mú mílíìkì dì, pọ̀ níbẹ̀ bí koríko, ẹnikẹ́ni ò kà á sí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, Àbámẹ́ta: Kánò sí Suleja

Bí wọ́n ṣe ń kó ewúrẹ́ wá sí ìhà wa, ẹ ti rí i: wọ́n á dè é lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á tò ó sórí àpò àlùbọ́sà, ọmọkùnrin mẹ́ta á jókòó lé e. Mo háyà ọkọ̀ Canter kan lódidi. Dìrẹ́bà rò pé orí mi dà rú. A da iyanrìn sílẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, a tẹ́ pòròpórò lé e, a fi igi pín in sí méjì kí wọ́n má baà rọ́ lu ara wọn tí a bá tẹ búréèkì. A na tapólì sókè, a ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Mi ò de ẹsẹ̀ kankan.

Ó dáa kí èèyàn fi ìtutù òru gbé ẹran, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà òru. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà la gbéra. Bùọ̀dá fi ọmọ wọn ọkùnrin tẹ̀lé wa dé ilé. Dìrẹ́bà ń pè mí ní Hajiya. Mo ní onítẹ̀bọmi ni mí. Ó ní, “To, Hajiya.”

Ní Zaria mo ra mazarkwaila, ṣúgà dúdú tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe ní agbègbè Makarfi. Dókítà ló ní kí n máa pò ó mọ́ omi fún wọn, kí ara olóyún lè rí nǹkan dì mú. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin là ń dúró. Lẹ́yìn Kàdúná ooru mú, ẹnu wọn là sílẹ̀, a dúró sábẹ́ igi mángòrò kan fún wákàtí kan àtààbọ̀. Dìrẹ́bà sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí àwọn kan ń dá wa dúró lọ́nà pé ká ra tíkẹ́ẹ̀tì. Olúkúlùkù ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, àwọ̀ tirẹ̀. Ìwé àṣẹ tí dókítà kọ fún wa, ẹnì kan ṣoṣo ló kà á, ó sì dojú rẹ̀ kodò.

A wọ Suleja ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wọn dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Arẹwà nìkan ló dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ ogún, Àìkú: Lambata, Lapai, Agaie

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Lambata sí Bida rí kò ní bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Àwọn táńkà epo ló ń gbà á láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sókè, wọ́n sì ti gbẹ́ ẹ di kòtò. Ní Lapai a ti ń rìn bí ẹni ń wọ́. Lẹ́yìn Lapai a ò rìn mọ́. Táńkà kan dábùú níwájú, òmíràn rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tò títí ojú ò rí òpin rẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán nìyẹn.

Aago mẹ́fà, Arẹwà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. Mo mọ̀. Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọ Bùọ̀dá fi fóònù tan iná fún mi. A lé àwọn yòókù sí apá kejì igi.

Àkọ́kọ́ jáde láago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, ẹsẹ̀ méjì àti imú, bó ṣe yẹ. Ó ti kú. Mo fi pòròpórò tọ́ ọ nímú, mo fi àpò nù ún, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan. Abo ni. Ó ti pé gbogbo, pátákò rẹ̀ ti le, irun rẹ̀ ti kún. Kì í ṣe oyún tó bàjẹ́. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ti pé ni, lọ́jọ́ tí mo ra ìyá rẹ̀, ohun tó kù kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìkejì jáde lójijì, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó sín. Mi ò mọ̀ pé ọmọ ewúrẹ́ lè sín tó báyẹn. Mo tẹ idodo rẹ̀ bọ inú aodíìnì, mo fi ìró tí mo ró wé e, èmi wá kù pẹ̀lú yẹ̀rì mi láàárín àwọn awakọ̀ táńkà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan mú pákó wá, òmíràn gbé kẹ́ẹ̀tìlì omi gbígbóná tó fẹ́ fi po tíì sílẹ̀.

Arẹwà kọ ọmọ. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kọjú sí ògiri ọkọ̀. Mílíìkì àkọ́kọ́, èyí tó ki tó pọ́n bí ẹyin, ọmọ gbọ́dọ̀ rí i láàárín wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, torí òun ló ń fún un ní agbára àtikojú àìsàn. Ọmọ Bùọ̀dá di ìwo mú, mo wẹ ọmú pẹ̀lú omi gbígbóná yẹn, mo fún un sínú ìdérí kúlà. Mílíìkì ewúrẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fún láyé mi nìyí, láàárín òru, lójú ọ̀nà Agaie. Mo fi ìka tọ́ ọ sẹ́nu ọmọ náà. Ní ìgbà kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìka mi.

A sin ọmọ tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Dìrẹ́bà ló gbẹ́ ilẹ̀, kò jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kọkànlélógún, Ajé: Bida sí Ògbómọ̀ṣọ́

Aago márùn-ún àárọ̀ ni ọ̀nà là. Olóbi Arẹwà jáde kí a tó dé Bida, ọkàn mi balẹ̀. Tí kò bá jáde, ìyẹn ni ì bá pa á. A gba Mokwa kọjá, ìlú tí àgbàrá gbé ilé àti èèyàn lọ ní oṣù Karùn-ún 2025. Dìrẹ́bà yọ fìlà rẹ̀ títí a fi kọjá.

Ní Jẹ́bà a kọjá Ọya. Àwọn èèyàn mi tó ń pe ewúrẹ́ yìí ní ewúrẹ́ òkè Ọya, ẹ wá wò ó lórí afárá, ó fi imú gbóòórùn omi. Mo ra ẹja. Lẹ́yìn Bódé Sáádù koríko bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, afẹ́fẹ́ yí padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nǹkan mìíràn: eṣinṣin tsetse. Àwọn ewúrẹ́ kúkúrú tiwa ti bá àìsàn rẹ̀ gbé láti ayébáyé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wó fún un. Àwọn pupa ò mọ̀ ọ́n rí. Dókítà ẹran tiwa ti ṣèlérí láti wá gún wọn lábẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n jẹko lẹ́bàá odò.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo kà láti Kánò dé ilé: mẹ́rìnlá.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la wọlé. Mo ti ní kí wọ́n fi ọgbà kan sílẹ̀, ó jìnnà sí ti àwọn ewúrẹ́ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa dá wà níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ara wọn, torí èyí tó wá lè gbé àìsàn wá, èyí tó wà nílé náà lè fún un ní tirẹ̀. Òbúkọ wa kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Àwọn tó ń sọ pé mílíìkì ewúrẹ́ ń rùn, òbúkọ ló ń rùn, àti korobá tí wọn ò fọ̀.

Dìrẹ́bà gba owó rẹ̀, ó wo ọmọ ewúrẹ́ tó wà nínú ìró mi. Ó ní, “Hajiya, sai an jima.” Mo ní ó dàbọ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún, Ìṣẹ́gun: ilé

Gbogbo wọn jẹ ewé ẹ̀pà. Mẹ́wàá olóyún, ọ̀kan tí kò lóyún, Arẹwà àti ọmọ rẹ̀. Arẹwà ṣì ń kọ ọmọ, ṣùgbọ́n tí mo bá di ìwo rẹ̀ mú, ọmọ á fa ọmú fúnra rẹ̀, ìrù rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó mu yó kò kún ife tíì kan.

Ìyá ọkọ mi wá ní àárọ̀, wọ́n gbé ife náà, wọ́n gbé e sí imú.

“Kò rùn,” ni wọ́n wí, bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan dù.

“Màámi, ṣé ẹ ó tọ́ ọ wò?”

“Ti ọmọ ni. Bò ó fún un.”

Wọ́n fi ọwọ́ lé ògiri ọgbà, wọ́n ń wo àwọn ikùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tí ètè wọn ń mì.

“Màámi, ẹ̀ ń ka ọmọ.”

“Ẹran ni mò ń kà,” wọ́n dáhùn. “Lọ gbé omi wá.”